Ọjọ́ mẹ́wàá ní Mẹ́síkò: ẹ dín ìlú kù kí ẹ lè rí ìlú

Ìbéèrè: "Olùkọ́ méjìlá tó ti fẹ̀yìn tì ni wá, Lọ́ńdọ̀nù ni a ń gbé. A fẹ́ lọ sí Mẹ́síkò lọ́dún tó ń bọ̀ láti lọ wo iṣẹ́ ọnà wọn, ilé àtijọ́ wọn àti ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú jáde níbẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìrìn àjò ti fún wa ní ètò ọjọ́ mẹ́wàá: Mexico City, Teotihuacan, Puebla, Oaxaca, Palenque, Mérida, Chichén Itzá, ká wá parí rẹ̀ sí etí òkun ní Cancún. Ṣé ètò yìí dára? Ṣé ká lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù November, nígbà tí wọ́n ń ṣọdún àwọn òkú? Orúnkún ń yọ mẹ́ta nínú wa lẹ́nu."

Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ètò yẹn kò dára. Kì í ṣe pé èyíkéyìí nínú ibi mẹ́jọ tí wọ́n dárúkọ kò tó wò. Gbogbo wọn ló tó wò. Ọ̀nà ni wàhálà wà. Òkè ńlá ló dábùú láàárín Oaxaca àti Palenque, odindi òru kan kì í tó bọ́ọ̀sì láti rìn ín. Láti Palenque sí Mérida tún lé ní 500 kìlómítà. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, kí la ó wá sọ nípa ẹni tó ń lé mẹ́jọ? Ẹ ó mọ ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì dunjú, ẹ ó sì ya fọ́tò níwájú píráámídì tí ẹ kò ráyè wò.

Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń kó yín lọ, òru mẹ́rin la máa sùn ní Mexico City, méjì ní Puebla, mẹ́ta ní Oaxaca, a ó sì wọ bàálù láti Oaxaca padà sí Mexico City ká máa bọ̀ wálé. Puebla kò ju nǹkan bíi 130 kìlómítà lọ sí Mexico City. Láti Puebla sí Oaxaca, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni, ojú títì náà sì dára. Ẹ yọ Palenque, Mérida, Chichén Itzá àti Cancún kúrò pátápátá. Ilẹ̀ àwọn Maya, ẹ̀yà onílẹ̀ kan tó ti lajú láti àtijọ́, ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, ó sì tó ìrìn àjò ọ̀tọ̀. Màá sọ ibi tí ẹ ti lè rí díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn láìwọ bàálù rárá.

Ìdí tí mo fi yan ojú ọ̀nà yìí ni pé lórí rẹ̀ lẹ ti máa rí bí wọ́n ṣe ń kọ́lé lórí ilé ní Mẹ́síkò: tẹ́ńpìlì nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì lórí rẹ̀, ìlú òde òní yí méjèèjì ká. Bí àwọn tó ń mú yín lọ bá kó gbogbo píráámídì sí ọjọ́ kan, tí wọ́n kó gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sí òmíràn, wọ́n ti ya ohun tó so pọ̀ nípá.

Tlatelolco, ní Mexico City, ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ètò tí wọ́n fún yín. Gbàgede kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Plaza de las Tres Culturas, ìyẹn Gbàgede Àṣà Mẹ́ta. Ẹ dúró lójú kan ṣoṣo, ẹ ó rí ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì àwọn Mexica, àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Aztec. Ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì Santiago tí àwọn ará Sípéènì fi òkúta tẹ́ńpìlì náà kọ́. Ẹ ó sì rí àwọn ilé alájà púpọ̀ tí ayàwòrán ilé Mario Pani gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Tlatelolco yìí ni àwọn Mexica ti ja ìjà àjàkẹ́yìn kí Cortés, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Sípéènì, tó ṣẹ́gun wọn ní 13 August 1521. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta kan níbẹ̀ pé ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ìṣẹ́gun, kì í sì í ṣe ọjọ́ ìṣubú, pé ìbí onírora ìran àdàlù tó ń jẹ́ Mẹ́síkò lónìí ni. Ní gbàgede yìí kan náà, 2 October 1968, àwọn ọmọ ogun yìnbọn lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwọ́de, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ìdíje Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà. Òkúta ìrántí wọn wà níbẹ̀. Ẹ fún ibẹ̀ ní wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ tó lọ síbi tí èrò pọ̀ sí.

Ibi tí èrò pọ̀ sí ni Zócalo, àárín gbùngbùn ìlú. Orí erékùṣù kan nínú adágún Texcoco ni àwọn Mexica tẹ Tenochtitlan dó sí ní 1325. Cortés nìkan kọ́ ló ṣẹ́gun rẹ̀ o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún jagunjagun onílẹ̀ láti Tlaxcala tí ọwọ́ àwọn Mexica ti ni lára tipẹ́ ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ogun, wọ́n wó tẹ́ńpìlì ńlá, Templo Mayor, wọ́n sì kọ́ ìlú tuntun lé e lórí. Ọdún rẹpẹtẹ kọjá. Ní 21 February 1978, àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná tó ń gbẹ́lẹ̀ kan òkúta róbótó kan tó fẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ. Àwòrán òrìṣà obìnrin Coyolxauhqui ni wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀, orí rẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti já kúrò lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe sọ pé àbúrò rẹ̀ Huitzilopochtli ṣe é. Ìjọba wó àwọn ilé tó wà lórí ibẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn sì gbẹ́ ẹ wọlé. Ẹ ó rí i pé tẹ́ńpìlì méje ló wà níbẹ̀, ìkan bo ìkan, nítorí pé ọba tó bá jẹ máa ń kọ́ tirẹ̀ bo ti àwọn tó ti jẹ ṣáájú ni.

Kàtídírà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1573, wọn ò parí rẹ̀ títí di 1813. Bí ẹ bá wọlé, ẹ wo ìsàlẹ̀ kí ẹ tó wo òkè. Ilẹ̀ adágún ni ìlú náà jókòó lé, ó ń rì, ó sì ń rì ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Wọ́n so okùn olójé kan rọ̀ láti òkè, wọ́n sì fi sàmì sílẹ̀ bí ilé náà ṣe ń fì sí ẹ̀gbẹ́ láti ọdún dé ọdún. Ní àwọn ọdún 1990, ṣe ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń wa ilẹ̀ kúrò lábẹ́ apá tó ga jù kó lè bá èyí tó ti rì dọ́gba. Ayàwòrán ilé tó bá wà nínú yín kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ẹ sọ̀ ní Pino Suárez. Pẹpẹ róbótó kan tí wọ́n kọ́ fún Ehecatl, òrìṣà afẹ́fẹ́, wà láàárín ibùdókọ̀ níbi tí wọ́n ti bá a nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ náà. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọn kì í tilẹ̀ bojú wò ó.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ara ògiri wá kàn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1910, José Vasconcelos, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, fún àwọn ayàwòrán ní ògiri ilé ìjọba kí wọ́n kọ ìtàn orílẹ̀-èdè sí i fún àwọn tí kò mọ̀wé kà. Diego Rivera, José Clemente Orozco àti David Alfaro Siqueiros ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Iléeṣẹ́ yín á fẹ́ mú yín lọ sí Palacio Nacional láti wo àtẹ̀gùn tí Rivera kùn. Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìjọba ni, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò wọlé. Ẹ má gbé ọkàn lé e. Ẹ lọ sí ilé ètò ẹ̀kọ́, Secretaría de Educación Pública, níbi tí Rivera ti kun ògiri àjà mẹ́ta láti 1923 sí 1928: àwọn aláró, awakùsà, olùkọ́ obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ oko níwèé lábẹ́ ìṣọ́ jagunjagun. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ní tèmi o, Orozco ni mo gbà fún ju Rivera lọ. Rivera mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀tàn, àmọ́ ó ti mọ ẹni tó jẹ̀bi kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Orozco kò fún ẹnikẹ́ni ní ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo La trinchera ní San Ildefonso, ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan nítòsí Zócalo, èyí tó yà ní 1926: ọkùnrin mẹ́ta nínú kòtò ogun, ìkan kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú, ẹ̀yìn wọn pupa bí iná. Kò sí àsíá, kò sí ọ̀tá tí a lè tọ́ka sí.

Palacio de Bellas Artes, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, kò jìnnà síbẹ̀. Adamo Boari ará Ítálì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1904, ogun dá a dúró, ilẹ̀ rírọ̀ tún dá kún un, Federico Mariscal ló parí rẹ̀ ní 1934; ìdí nìyẹn tí ìta rẹ̀ àti inú rẹ̀ kò fi jọra. Lókè níbẹ̀ ni àwòrán tí Rivera tún yà ní 1934 wà, lẹ́yìn tí àwọn Rockefeller ní kí wọ́n wó àkọ́kọ́ rẹ̀ ní New York nítorí ojú Lenin tó wà nínú rẹ̀. Ẹ rìn kọjá ọgbà Alameda, ẹ wọ Museo Mural Diego Rivera. Àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ fún, èyí tí Rivera yà sí yàrá ìjẹun òtẹ́ẹ̀lì kan ní 1947. Ó kọ "Ọlọ́run kò sí" sínú rẹ̀, ìlú dàrú, wọ́n fi nǹkan bò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbà láti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1985 ba òtẹ́ẹ̀lì náà jẹ́, wọ́n sì gbé odindi ògiri náà kúrò níbẹ̀.

Ilé Frida Kahlo, ayàwòrán tó jẹ́ ìyàwó Rivera, ní Coyoacán ńkọ́? Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ọjọ́ ṣe é. Ilé náà kéré, èrò máa ń kún inú rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ní wákàtí tirẹ̀, ó sì máa ń tán tipẹ́. Àwòrán rẹ̀ tó tóbi jù tó sì lókìkí, Las dos Fridas ti 1939, kò sí níbẹ̀. Museo de Arte Moderno ló ni ín. Bákan náà ni ilé tí ayàwòrán ilé Luis Barragán kọ́ fún ara rẹ̀ ní 1948. Èèyàn díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n á pín ẹ̀yin méjìlá sí ọ̀nà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ tètè gba àyè.

Museo Nacional de Antropología ni ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ wọn lò jù. Pedro Ramírez Vázquez ló yàwòrán rẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1964, opó kan ṣoṣo ló gbé òrùlé ńlá tí omi ń ṣàn sílẹ̀ láti ara rẹ̀ láàárín àgbàlá. Ẹ má gbìyànjú láti parí rẹ̀. Gbọ̀ngán méjì tó: ti àwọn Mexica àti ti Oaxaca, nítorí Oaxaca lẹ̀ ń lọ. Gbogbo èèyàn á sáré lọ sídìí Òkúta Oòrùn tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 24. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, kí ẹ̀yin dúró lọ́dọ̀ Coatlicue, ìyá àwọn òrìṣà, tó ró yẹ̀rì ejò, tí orí rẹ̀ sì jẹ́ orí ejò méjì tó kọjú síra wọn. Wọ́n hú u ní Zócalo ní 1790, wọ́n gbé e lọ sí yunifásítì. Nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òdòdó àti àbẹ́là wá síwájú rẹ̀, àwọn aláṣẹ tún rì í mọ́lẹ̀. Alexander von Humboldt ará Jámánì bẹ̀bẹ̀ láti rí i ní 1803. Wọ́n hú u, ó wò ó tán, wọ́n tún sin ín. Ní ìta mùsíọ́mù náà, ẹ ó rí òkúta Tlaloc, òrìṣà òjò, tó lé ní 160 tọ́ọ̀nù. Abúlé Coatlinchán ni wọ́n ti gbé e wá ní 1964. Àwọn ará abúlé bínú débi pé wọ́n ba ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e jẹ́. Lọ́jọ́ tó wọ ìlú, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ya omi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Ní ti àwọn Maya tí mo ní kí ẹ yọ kúrò: kí ẹ tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ sí British Museum, yàrá 27, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn òkúta orí ẹnu ọ̀nà láti Yaxchilán, ìlú Maya àtijọ́ kan, wà níbẹ̀. Alfred Maudslay ló kó wọn wá ní àwọn ọdún 1880. Nínú ọ̀kan, ọba di ògùṣọ̀ mú, ayaba kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fa okùn ẹlẹ́gùn-ún gba inú ahọ́n ara rẹ̀ kọjá fún ìrúbọ. Iṣẹ́ tó wà ní Chichén Itzá fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí lọ. Ejò olórí méjì tí wọ́n fi òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run tò wà ní yàrá 27 náà pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ Maya. Inú ilé yẹn kan náà ni orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 wà, ẹ sì mọ ohun tí àwa náà ń sọ nípa ìyẹn.

Teotihuacan, ìlú àtijọ́ tó ti di ahoro lẹ́bàá Mexico City, kò gba ju ìdajì ọjọ́ lọ. Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ìlú máa ń tì lọ́jọ́ náà. Píráámídì Oòrùn ga tó nǹkan bíi mítà 65, ṣùgbọ́n gígùn ún kọ́ ni ìbẹ̀wò, nítorí náà kí àwọn tí orúnkún ń dùn má kábàámọ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí Tepantitla, níbi tí àwòrán ara ògiri àtijọ́ ṣì wà.

Cholula, lẹ́bàá Puebla, ló ní píráámídì tó tóbi jù láyé bí a bá wo bí ikùn rẹ̀ ṣe gbà tó. Ẹ lè dé ibẹ̀ kí ẹ má mọ̀, nítorí òkè tó hu koríko ni ojú ń rí, ṣọ́ọ̀ṣì Màríà sì jókòó lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ yà sí Santa María Tonantzintla. Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ni, kékeré, àmọ́ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà onílẹ̀ ti bo gbogbo òrùlé inú rẹ̀ pẹ̀lú ańgẹ́lì olójú ọmọ abúlé, èso àti òdòdó, débi tí kò sí àyè tó ṣófo. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju Capilla del Rosario ti 1690 ní Puebla lọ, bí wúrà ti pọ̀ tó nínú ìyẹn.

Oaxaca, ẹ má kánjú níbẹ̀. Àwọn Zapotec, onílẹ̀ agbègbè náà, gé orí òkè kan tẹ́jú ní nǹkan bíi 500 ọdún ṣáájú Kristi, wọ́n tẹ Monte Albán dó sórí rẹ̀. Ojú gbàgede rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn á gbádùn rẹ̀. Ní 1932, Alfonso Caso ṣí ibojì keje níbẹ̀: ibojì Zapotec ni, àmọ́ àwọn Mixtec, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn, ti tún un lò láti fi sin àwọn tiwọn pẹ̀lú wúrà àti egungun tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Àwọn ẹrù náà wà ní ilé àwọn àlùfáà àtijọ́ ní Santo Domingo. Ayàwòrán Francisco Toledo, tó kú ní 2019, wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí wọ́n sọ ibẹ̀ di òtẹ́ẹ̀lì. Ilé àkójọ àwòrán títẹ̀ tó dá sílẹ̀ ní 1988 wà níwájú rẹ̀, ẹ yà síbẹ̀. Ní Mitla, ìlú àtijọ́ mìíràn ní Oaxaca, wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ sára ògiri láìfi amọ̀ lẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ pẹ̀lú, orí ààfin ni ṣọ́ọ̀ṣì wà.

Ní Teotitlán del Valle, abúlé àwọn ahunṣọ, wọ́n ń fi ẹlú pa aró bíi tiwa ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń rí àwọ̀ pupa láti ara kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń gbé lára ọ̀rọ́ ẹlẹ́gùn-ún. Ẹ béèrè bí amọ̀nà yín bá ń gba owó lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ilé ahunṣọ tó mú yín lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbà á, owó aṣọ yín ló sì ti ń jáde. Ẹ má ra ohunkóhun tí wọ́n bá pè ní ère inú ilẹ̀ o; òfin 1972 sọ gbogbo rẹ̀ di ti ìjọba, kò gbọ́dọ̀ jáde nílùú.

Ẹ ò bi mí nípa àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìkànìyàn 2020 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ tó pe ara wọn ní ọmọ Áfíríkà ní Mẹ́síkò, wọ́n sì pọ̀ ní etí òkun Guerrero àti Oaxaca. Ààrẹ Vicente Guerrero, tí òun náà ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà lára, ló fòpin sí ẹrú níní níbẹ̀ ní 1829. Ní ọjà Sonora ní Mexico City, ẹ ó rí ìlẹ̀kẹ̀ Ṣàngó, ti Yemọja àti ti Ẹlẹ́gbára lórí àtẹ. Láti Kúbà ni wọ́n ti dé ibẹ̀.

Ní ti November: ọdún àwọn òkú dára púpọ̀ ní 1 àti 2 oṣù náà, àmọ́ owó òtẹ́ẹ̀lì Oaxaca á fò sókè, èrò á sì dí yín lọ́nà síbi tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá. Ìwọ́de ńlá Mexico City tí wọ́n ń polówó kì í ṣe ti àtijọ́. 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí fíìmù òyìnbó kan ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Ẹ lọ láti àárín November títí dé ìbẹ̀rẹ̀ December. Òjò ti dá, ìlú ti fúyẹ́. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, Mexico City ga ju mítà 2,200 lọ sí ojú òkun. Ẹ rọra rìn lọ́jọ́ kìíní, ẹ mu omi dáadáa.

Àwọn tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nínú yín: ọjọ́ ti pẹ́ tí Mẹ́síkò ti ń gba ẹni tó ní ìwé ìgbélùú pípẹ́ tàbí físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ wọlé láìgba físà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí ìwé ìgbélùú ti di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì aṣojú Mẹ́síkò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde fún àwọn tó wà nídìí bàálù.

Ẹ wá kọ̀wé padà sí iléeṣẹ́ náà. Ẹ bi wọ́n ta ni amọ̀nà yín gan-an, ṣé ó ní káàdì ìjọba, ṣé ẹnì kan náà ni yóò wà pẹ̀lú yín láti Mexico City dé Oaxaca. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye wákàtí tí ẹ ó lò ní ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ ibi nìkan. Kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé Frida àti ti Barragán, kí wọ́n sì sọ bóyá wọ́n á gbà láti yọ Cancún kúrò láìbu owó lé yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíì kí ẹ tó san kọ́bọ̀.